Ìrọ̀rí Fóònù Olùdarí Àgbà

Bí ẹ bá ti rí ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ rí, ẹ má tíì yangàn, ẹ kò tíì rí Olùdarí Àgbà ilé-iṣẹ́ omi tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà kì í kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" lásán. Á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á fa táì ọrùn rẹ̀ gún, á gbé àgbọ̀n sókè, á ní, "Ẹ gbọ́ mi!" Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó tó gbọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ẹ-gbọ́-mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, "Olùdarí Àgbà, Ọ̀mọ̀ràn, Baba Omi" ni, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì fo ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò kọ ìwé ṣàlàyé ara rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin tí ọkùnrin yìí ti ń wúkọ́, nínú yàrá kan tí kò tóbi ju ilé ìdáná lọ, ni obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà. Òun ló ń bójú tó ọgọ́fà fóònù tó wà nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wáyà so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ dúdú gbọọrọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti ń pinnu ẹni tó ni nọ́ńbà wo, fóònù ta ló máa kọ́kọ́ dún, ìgbà mélòó ló máa dún, àti ibi tí ìpè máa yà sí bí ẹni tí wọ́n ń pè kò bá gbé e. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn ènìyàn ti gbàgbé pé ẹnì kan ló ń ṣe é.

Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sì ni títí di àkókò tí mò ń sọ yìí. Òfin wọn ni pé ẹni tí wọn kò bá fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ kó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó parí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ lọ́la, á máa lọ ni, kò ní í rí ọpẹ́, kò ní í rí owó ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni Ìyá Wáyà yóò pé àádọ́ta. Gbogbo ọ́fíìsì tó yẹ kó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́, ìbuwọ́lùwé Ẹ-gbọ́-mi nìkan ló kù, ìwé náà sì ti wà nínú dúróà rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́, tí obìnrin náà bá délé, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó á béèrè láti orí ibùsùn pé, "Ṣé ó ti buwọ́ lù ú?" Òun náà á ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Díẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n kó fóònù tuntun dé, Ẹ-gbọ́-mi ránṣẹ́ pè é sókè. Igbákejì rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló mọ̀ sọ nínú ayé.

"Ìyá Wáyà, nọ́ńbà wo lo fún mi?"

"Igba ni, sà. Láti igba ni nọ́ńbà àjà yìí ti bẹ̀rẹ̀."

"Igba!" Ó wo Igbákejì bí ẹni tí wọ́n bú. "Ṣé ẹni igba ni mí? Ta ló ni ọ̀kan?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, sà. Bí a bá fún ẹnì kan ní ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ ọ̀kan, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni ẹ̀rọ máa gbé e lọ, kò ní í dúró de nọ́ńbà tó kù. Ará ìlú tó bá fẹ́ fi páìpù tó bẹ́ tó wa létí, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì ló ń tẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi! Láti ọjọ́ tí ayé ti ń jẹ́ ayé, ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀kan ń dúró dè. Páìpù tó bẹ́ kọ́ ni yóò ṣíwájú mi. Fún páìpù ní nọ́ńbà mìíràn."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà!" ni Igbákejì wí.

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ-gbọ́-mi ṣe di ọ̀kan, tí páìpù tó bẹ́ di mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mẹfà. Ṣé ará ìlú wá mọ̀? Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tẹ ọ̀kan, ọ̀kan, méjì bó ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Bó ti tẹ ọ̀kan àkọ́kọ́ báyìí, fóònù Olùdarí Àgbà dún.

"Ẹ gbà mí o! Omi ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi!"

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ìyá wa," ni Ẹ-gbọ́-mi dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn bí òun ṣe gba ilé-iṣẹ́ náà, ipò tó wà nígbà yẹn, àti bí omi ṣe wá pọ̀ nílùú lábẹ́ ìtọ́jú òun. Lórí omi tó pọ̀, irọ́ kọ́ ló pa lọ́jọ́ yẹn. Kó tó dé ìdajì, obìnrin náà ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àjà kejì. Àwọn irú ìpè bẹ́ẹ̀ di mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹ-gbọ́-mi ní ìfẹ́ tí ìlú ní sí òun ló fà á.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà kì bá tí le jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ọ̀gá àwọn tó ń tún páìpù ṣe kò gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ ọn létí. Omi ló ń tú sí ọkùnrin náà lójú, ó sì ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù mú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ já sí méjì? Ẹ-gbọ́-mi kò lè jẹun ọ̀sán. Ó tún pe Ìyá Wáyà.

"Ohun méjì ni mo fẹ́. Ìkíní, bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì ìràwọ̀ orí fóònù mi, kí gbogbo fóònù ilé yìí la ẹnu fúnra wọn, kí wọ́n máa gbé ohùn mi jáde sókè, kí ẹnikẹ́ni má lè dín in kù. Ìkejì, kí ó má sí ẹni tó lè gé ìpè mi. Ìgbà tí èmi fúnra mi bá dá fóònù padà sáyè rẹ̀, ìgbà yẹn ló parí."

"Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé láti dá a padà dáadáa ńkọ́? Yóò máa gbé ohùn yín lọ ni."

"Èmi? Gbàgbé?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà! Ìgbàgbé gan-an ń sá fún yín."

Ìyá Wáyà ti pẹ́ níbi iṣẹ́ tó láti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Ẹ-gbọ́-mi dùn débi pé ó kọ ju ohun tó béèrè lọ: ẹnikẹ́ni tó bá gé ohùn Olùdarí Àgbà, ìbáà fi ọwọ́ gé e, ìbáà fi ẹsẹ̀ gé e, ìbáà fi ẹ̀rọ gé e, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ìwé yẹn kò lo ìṣẹ́jú kan lórí tábìlì rẹ̀. Ìyá Wáyà wo bí kálàmù náà ṣe ń yára, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé ọkàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ó rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ máa dé nìyẹn. Rárá o. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Igbákejì gbé nǹkan kan wọlé tí aṣọ funfun bò. Ó ṣí i. Ìrọ̀rí ni, kékeré, pupa bíi tòmátì, tí wọ́n fi òwú wúrà gbá etí rẹ̀ yíká.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò rí oorun sùn mọ́. Mò ń rò ó pé fóònù tó ń gba irú ohùn yìí, orí rọ́bà ni wọ́n ń fi sí bíi ti akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kó máa sinmi lórí ohun tó yẹ ẹ́."

Ẹ-gbọ́-mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣí ìrọ̀rí náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ lórí ipa tí ìrọ̀rí ń kó nínú ìdàgbàsókè omi. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, á rọra tẹ́ fóònù sórí ìrọ̀rí, á fọwọ́ pa á lórí, á sì kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ló ń wọlé wá tó bá yá láti gbé e padà sáyè rẹ̀. Kí akọ̀wé tó wọlé, ìpè náà ṣì wà láàyè, ẹni tí ọ̀gá bá sì bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kò ní í rí fóònù rẹ̀ lò.

Ìyá Wáyà rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ìpè ọ̀gá ń lo wákàtí méjì méjì. Ó gun òkè lọ bá a.

"Sà, ìpè yín ti àná lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Wákàtí méjì!" Ẹ-gbọ́-mi yí sí Igbákejì. "O gbọ́ bí? Nínú ilé yìí, ta ló ń ṣiṣẹ́ tó mi?"

"Kò sí, sà! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n!"

Obìnrin náà gbìyànjú láti ṣàlàyé. Wọ́n ní kó máa lọ. Bó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rántí béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ-gbọ́-mi ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tó tọ́ sí i.

Ọjọ́ ńlá wá dé. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀ wá pinnu bóyá kí Ẹ-gbọ́-mi tún lo ọdún mẹ́rin sí i. Alága wọn jẹ́ màmá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó fi ogójì ọdún ṣe tíṣà. Wọ́n ní kí òun àti àwọn márùn-ún tó tẹ̀lé e jókòó sí gbọ̀ngàn àlejò nísàlẹ̀, wọ́n gbé omi tútù fún wọn, Ẹ-gbọ́-mi sì tẹ ìràwọ̀ lókè. Ọgọ́fà fóònù la ẹnu. Ó kí wọn káàbọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó pe Alága ní Ìyá Ìlú, ó pè é ní Odò Tí Kì Í Gbẹ, ó pè é ní Òjò Àkọ́rọ̀. Nígbà tó parí, ó tẹ́ fóònù sórí ìrọ̀rí, ó sì pàṣẹ fún akọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ó fẹ́ sinmi ohùn rẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá àlejò.

Ìyá Wáyà wà níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró àga láti inú fóònù rẹ̀, ìró bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, àti ohùn kan tó ní, "Ṣé o rí bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ dì wọ́n?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà!"

"Màmá yẹn, orí ẹ̀ ṣófo. Bí mo bá ti tún pè é ní Ìyá Ìlú lẹ́ẹ̀kan sí i, á buwọ́ lu ọdún mẹ́rin, á tún dúpẹ́."

Ọwọ́ Ìyá Wáyà ti dé ibi wáyà iná ẹ̀rọ náà kó tó rántí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú rẹ̀: ìbáà fi ọwọ́ gé e, ìbáà fi ẹsẹ̀ gé e. Bó bá gé e, iṣẹ́ lọ. Bí kò bá gé e, ọ̀gá lọ, ta ni yóò wá buwọ́ lùwé rẹ̀ kí ọjọ́ kẹta tó pé? Ó fi wáyà sílẹ̀, ó sì fi àtẹ̀gùn sá lọ sókè. Ní àjà kọ̀ọ̀kan tó kọjá, ohùn Ẹ-gbọ́-mi ń jáde láti inú gbogbo yàrá. Àwọn kan ti fi súwẹ́tà bo fóònù wọn. Àwọn oníṣirò ní tiwọn ti fa àga súnmọ́ ọn.

Nísàlẹ̀, Alága gbé ife omi rẹ̀ dé ẹnu.

"Tí wọ́n bá ní ká lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi lódìkejì ìlú ńkọ́, sà?" ni ohùn Igbákejì wí nínú fóònù.

"Èwo? Èyí tó ti kú láti oṣù mẹ́jọ? Sọ fún wọn pé wọ́n ń kùn ún lọ́dà. Ṣebí omi tí wọ́n ń mu nísàlẹ̀ yẹn, ọkọ̀ ló bá wa gbé e wá láàárọ̀."

Alága gbé ife náà sílẹ̀.

Ìyá Wáyà dé iwájú akọ̀wé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Jẹ́ kí n wọlé kíákíá. Fóònù ọ̀gá wà ní ṣíṣí."

"Mò ń gbọ́ o, Ìyá Wáyà," ni akọ̀wé wí. Fóònù tó wà lórí tábìlì tirẹ̀ ń pariwo bí àwọn tó kù. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, kó kọ́kọ́ pè wọ́n."

"Báwo ni mo ṣe máa pè wọ́n? Àwọn ló wà lórí fóònù!"

"Nígbà náà, ẹ ní láti dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, mà."

Ìyá Wáyà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn nígbà tí fóònù orí tábìlì náà tún sọ̀rọ̀.

"Ìwé Ìyá Wáyà ńkọ́, sà? Ó kù díẹ̀ kó pé àádọ́ta."

"Jẹ́ kó pé e. Tí mo bá buwọ́ lù ú, ta lá tún máa sáré tí mo bá pè? Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá pé àádọ́ta tán, ibo ló fẹ́ lọ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ọwọ́ Ìyá Wáyà dúró sókè. Inú bí i, ojú sì tì í bí ẹni pé òun ló ṣe ohun ìtìjú náà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń kí ọkùnrin yìí pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń parọ́ fún ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ lórí ìwé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Akọ̀wé ti dìde, ó fajú ro. "Ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún yín, mà. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe."

"Jókòó, ọmọ mi," ni Ìyá Wáyà wí, òun náà sì fa àga àlejò, ó jókòó. "Wọ́n ń sinmi ohùn wọn."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin ẹni mi, ohun tí ọkùnrin yẹn sọ nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, bí mo bá ní kí n kọ ọ́ tán, ìwé á tán. Ó kan àwọn ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan irun wọn, ó kan ìrìn wọn. Ó kọ́ Igbákejì bí wọ́n ṣe ń da omi pupa pọ̀ mọ́ omi funfun kí àwọ̀ rẹ̀ lè mọ́ níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Alága ló ń bọ̀, ó ń gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn márùn-ún tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ wo ìran. Alága kò béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ-gbọ́-mi fò dìde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ gbọ́ mi! Ìyá Ìlú, Odò Tí Kì Í…"

Ikọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti ara fóònù akọ̀wé, "Ẹ gbọ́ mi" náà sì ń dún lọ láti àjà dé àjà títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ-gbọ́-mi tẹ́tí. Ó wo ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ là, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"A ti gbọ́ yín," ni Alága wí. "Gbogbo wa la gbọ́ yín. Ẹ kò ní í ṣe Olùdarí níbí mọ́ láti aago mẹ́rin òní."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà!" ni Igbákejì wí. Ó ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ Alága kí ẹnikẹ́ni tó rí bó ṣe débẹ̀.

"Ìwọ náà," ni Alága dá a lóhùn. Ó wá yíjú sẹ́yìn. "Ta ni wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwé rẹ dà?"

"Inú dúróà yẹn ni wọ́n fi sí, mà."

Wọ́n fa dúróà yọ. Ìwé Ìyá Wáyà wà níbẹ̀, ó sì bá ti ẹni mẹ́rìndínlógún mìíràn níbẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sí èyí tí ìka kàn rí. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Òfin sọ pé Olùdarí ló ń buwọ́ lù ú. Ẹ ṣì jẹ́ Olùdarí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ mú kálàmù."

Ẹ-gbọ́-mi mú kálàmù. Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Kí n tó buwọ́ lu ìwé yìí, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí…"

"Ẹ buwọ́ lù ú."

Gbogbo ilé gbọ́ bí kálàmù náà ṣe ń họ ìwé, lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún. Nígbà tó parí, ó gbé ojú sókè wo Ìyá Wáyà, ó sì bẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́ ọn.

"Jọ̀ọ́, bá mi pa nǹkan yìí."

"Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin lẹ máa gbé e sílẹ̀ fúnra yín," ni Ìyá Wáyà wí, ó di ìwé rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ò lè gé ohùn yín. Iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀ ni."

Ẹ-gbọ́-mi gbé fóònù kúrò lórí ìrọ̀rí, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ilé náà dákẹ́ wẹ́lo.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti túká, Ìyá Wáyà yá fóònù akọ̀wé, ó sì pe ilé. Ìyá rẹ̀ gbé e.

"Màmá, wọ́n ti buwọ́ lù ú."

"Háà! Lónìí? Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Ọ̀gá fúnra wọn ni, Màmá."

"Ọlọ́run mi o, o ṣeun!" Ìyá náà bú sẹ́kún lójú ẹsẹ̀. "Ènìyàn gidi ni ọkùnrin yẹn. Mo ti ń sọ fún ẹ pé kó o ní sùúrù. Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ láéláé. Ọlọ́run má jẹ́ kó kúrò lórí àga yẹn. Ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kí gbogbo ayé máa fetí sí i."

Ìyá Wáyà bojú wo ìta láti fèrèsé. Nísàlẹ̀, Ẹ-gbọ́-mi ń gbé páálí kan lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó ń bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ bó ti ń lọ, aṣọ́bodè sì ń ka ìwé ìròyìn.

"O ò ṣe àmín?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Àmín, Màmá."